Ṣé kí ẹ gbé Aga wọlé? Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú owó

Ẹni tó bá ra ilé àtijọ́ lábúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Devon tàbí Shropshire tàbí Yorkshire, lè wọ ilé ìdáná kó bá ẹrù irin ńlá kan níbẹ̀. Tánganran aláwọ̀ wàrà tàbí aláwọ̀ aró ni wọ́n fi bò ó lára, ìdérí roboto méjì wà lórí rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà níwájú, ara rẹ̀ sì ń móoru láìsí ẹni tó ṣáná sí nǹkan kan. Aga nìyẹn, sítóòfù irin ni, kì í ṣe àga ìjókòó. Àwọn mìíràn kò bá a nínú ilé tiwọn. Ilé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn náà ra ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ń se oúnjẹ dáadáa. Ó ń se é dáadáa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé iná inú rẹ̀ kì í kú. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó tún ń se oúnjẹ lẹ fẹ́ rà, owó rẹ̀ yóò sì máa lọ tọ̀sán tòru, yálà ìkòkò wà lórí rẹ̀ tàbí ẹ ti lọ kí ìyá yín ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá fi ojú sítóòfù lásán wò ó, ìṣirò yín kò ní bára mu. Ẹ fi ojú ohun tó ń mú ilé gbóná wò ó, kí ẹ sì béèrè bóyá ilé yín nílò irú ooru bẹ́ẹ̀.

Bí ooru ṣe ń gbé inú irin

Ẹni tó bá ti dé ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń lo ààrò alámọ̀ ti mọ ọgbọ́n tó wà nínú Aga. Wọ́n á koná igi sínú ààrò fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á wọ́ ẹyín iná jáde, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ti búrẹ́dì wọlé. Iná ti kúrò, ṣùgbọ́n amọ̀ ti mu ooru yó, ooru yẹn ló sì ń yan búrẹ́dì. Nínú Aga, irin tí wọ́n yọ́ dà ló wà nípò amọ̀. Èyí tó ní ààrò méjì wúwo tó nǹkan bíi 400 kílò, èyí tó ní mẹ́rin sì sún mọ́ 600. Iná kékeré kan wà láàárín irin náà tó ń bọ́ ọ ní ooru láìdúró, wọ́n sì fi òkúta fúlẹ́fúlẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní vermiculite ká a mọ́ra kí ooru má baà tètè sá lọ.

Ojú iná méjì ló wà lórí rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì, tí wọ́n ń pè ní boiling plate, máa ń gbóná kọjá 300 dígírì. Ti ọwọ́ ọ̀tún, simmering plate, rọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ìdérí tó nípọn wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ààrò òkè máa ń wà láàárín 220 sí 240 dígírì. Ti ìsàlẹ̀ kì í jìnnà sí 115. Àwọn Aga tó tóbi ju ìyẹn lọ tún ní ààrò tó wà ní nǹkan bíi 180 fún kéèkì àti búrẹ́dì, àti òmíràn tó kàn ń mú abọ́ àti oúnjẹ lọ́wọ́ọ́wọ́. Nínú Aga ìbílẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ó yí láti dín iná kù lábẹ́ ìkòkò kan. Ìkòkò lẹ máa ń gbé kiri: láti ojú iná òsì bọ́ sí ti ọ̀tún, láti ibẹ̀ wọ ààrò.

Gustaf Dalén, ará Sweden tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1912, ló ṣe é ní 1922. Ìbúgbàmù kan ti gba ojú rẹ̀ méjèèjì ní ọdún 1912 yẹn kan náà. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Aktiebolaget Gasaccumulator, ni wọ́n gé kúrú sí AGA. Ó dé Britain ní 1929. Ohun tó ń bá du ipò nígbà náà ni ààrò èédú ńláńlá tí wọ́n ní láti máa dá láàárọ̀, kí wọ́n sì kó eérú rẹ̀ lálẹ́, tí ooru rẹ̀ sì ń bá ihò èéfín lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, èédú díẹ̀ ni Aga ń jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ti wá, pé Aga ń fowó pamọ́. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Lónìí, sítóòfù mànàmáná tí wọ́n ń pè ní induction, tó ń jẹ iná fún ogún ìṣẹ́jú péré, tó sì ń kú bí ìkòkò bá ti kúrò lórí rẹ̀, ló ń bá du ipò. Ìdíje náà kò dọ́gba mọ́.

Owó, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀

Yúnìtì tí à ń sọ níhìn-ín ni yúnìtì orí mítà, ìyẹn kilowatt-hour kan. Aga alààrò-méjì àtijọ́ tó ń lo gáàsì máa ń jẹ nǹkan bíi 425 yúnìtì lọ́sẹ̀. Èyí tó ń lo kẹrosíìnì máa ń jẹ nǹkan bíi 40 lítà. Èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí ẹ kàn máa ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, máa ń jẹ nǹkan bíi 220 yúnìtì.

Ẹ mú bíìlì yín, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò èyí tí a fẹ́ lò yìí. Bí yúnìtì gáàsì bá jẹ́ 6 pẹ́nsì, 425 yúnìtì yóò jẹ́ £25.50 lọ́sẹ̀. Bí lítà kẹrosíìnì bá jẹ́ 70 pẹ́nsì, 40 lítà yóò jẹ́ £28. Bí yúnìtì iná mànàmáná bá jẹ́ 25 pẹ́nsì, 220 yúnìtì yóò jẹ́ £55, ìyẹn £2,860 lọ́dún. Ẹ kà á dáadáa: yúnìtì 11,440 lọ́dún ni. Ní 2023, Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso gáàsì àti iná mànàmáná ní Britain, fi 2,700 yúnìtì ṣe òṣùwọ̀n iná mànàmáná tí ilé kan ń lò lọ́dún. Aga kan ṣoṣo yóò jẹ iná ilé mẹ́rin.

Ẹ ó ti rí i pé ti gáàsì ń jẹ ìlọ́po méjì yúnìtì ti mànàmáná, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Irin kan náà ni, ìwọ̀n ooru kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni páìpù èéfín. Ohunkóhun tó bá ń jó nílò ibi tí èéfín rẹ̀ yóò gbà jáde, èéfín náà sì máa ń gbé apá kan ooru lọ síta. Ti mànàmáná kò ní èéfín, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń tú sínú ilé yín. Gáàsì ṣì ń rọni lọ́rùn jù lóṣù nítorí pé yúnìtì rẹ̀ rọjú.

Àwọn tó fẹ́ràn Aga á ní kí ẹ má ka gbogbo owó yìí sí owó oúnjẹ, nítorí ó ń mú ilé gbóná, rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin ara odi tí omi gbígbóná láti bọ́ílà ń mú gbóná, sì lè sinmi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ìyẹn pẹ̀lú owó tó yẹ. Ooru 220 yúnìtì tí Aga mànàmáná tú sílé lọ́sẹ̀, bọ́ílà gáàsì yóò ṣe é ní nǹkan bíi £15. Nítorí náà £15 lẹ lè yọ kúrò nínú £55 nígbà òtútù. £40 tó ṣẹ́ kù, owó ìdáná àti owó ìgbádùn ni. Nígbà tí oòrùn bá dé, tí rédíétọ̀ ti kú tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní rí kọ́bọ̀ yọ, ooru náà á sì di ìnira. Ilé tó ń lo heat pump, ẹ̀rọ mànàmáná tó ń fa ooru láti ìta wọlé, kò ní rí tó £15 yẹn yọ pàápàá bí heat pump náà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ mànàmáná lásán mú ara gbóná nìkan ni àròyé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ pátápátá.

Ọ̀pọ̀ máa ń pa á nígbà ooru. Bí ẹ bá pa á fún ogún ọ̀sẹ̀, 7,040 yúnìtì ni yóò jẹ lọ́dún, £1,760 ní iye tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ó ní sítóòfù mìíràn fún ogún ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ sì ti wá àyè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ya àwòrán ilé ìdáná. Ẹ kò sì lè máa pa á lónìí kí ẹ tàn án lọ́la: láti ìgbà tó bá tutù, ó lè gba odindi ọjọ́ kan kó tó gbóná tó ohun tí a lè fi se oúnjẹ.

Ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní nǹkan tó pọ̀. Aga mànàmáná tó ń jẹ 220 yúnìtì lọ́sẹ̀ ń tú ooru nǹkan bíi 1.3 kilowatt sílé ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbé rédíétọ̀ mànàmáná olóróró kan, tó ní ìwọ̀n nǹkan bíi 1,200 sí 1,500 wáàtì, sí ibi tí Aga yóò wà ní ilé ìdáná. Ẹ yí agogo ooru rẹ̀ dé òpin kó má baà máa pa ara rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Kìíní, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí ẹ bá wà nílé. Bí ilé ìdáná bá tutù lóṣù Kìíní, tí odi rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí ó fẹ̀, tí gbogbo ará ilé sì wá ń jókòó síbẹ̀ torí ooru náà, ẹ ti rí ìdáhùn kan. Bí ẹ bá ti ń ṣí fèrèsé lóṣù Karùn-ún, ẹ ti rí èkejì. Ilé tuntun tí wọ́n fi fóòmù dí odi rẹ̀ kì í sábà yege nínú ìdánwò yìí. Kékeré ni ooru tó nílò, kò sì ní mọ ibi tí yóò fi ooru Aga sí.

Ilẹ̀, èéfín àti ẹnjiníà

Wọn kì í gbé Aga ìbílẹ̀ wọlé lódindi. Ẹnjiníà ló ń kó o wá ní ẹyọ ẹyọ, tó ń tò ó jọ lórí ìdúró, tó sì ń da vermiculite sí i lára kó tó bò ó. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè ṣí ilé pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé fíríìjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn yóò sanwó fún títú rẹ̀ àti àtúntò rẹ̀.

Ilẹ̀ kọnkéré tó dúró dáadáa kò ní ìṣòro, bó bá sáà ti tẹ́jú. Ilẹ̀ onípákó ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnjiníà ilé wò. Ìdajì tọ́ọ̀nù lórí àyè tí kò fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ lè mú igi abẹ́ ilẹ̀ rọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti yẹ̀ díẹ̀, epo inú ẹ̀rọ kẹrosíìnì kò ní ṣàn déédéé mọ́. Ẹ fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ẹni tó ń tún un ṣe lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé tábìlì ńlá síbẹ̀, tí wọ́n wá ń gbé e kúrò nígbà gbogbo.

Bó bá jẹ́ gáàsì, ẹni tó wà nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì ní Britain, nìkan ni òfin gbà láyè láti fọwọ́ kàn án. Fún kẹrosíìnì, ẹ wá ẹni tó ní ìwé OFTEC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fún igi àti èédú, ìwé HETAS ni. Ihò èéfín àtijọ́ inú odi kì í tó fúnra rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ju páìpù irin sínú rẹ̀ kí èéfín má baà tutù kó tó jáde. Táńkì kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó mítà 1.8, àyàfi bí odi tí iná kò lè jó bá wà láàárín wọn. Fáàfù tó ń ti epo pa bí iná bá ṣẹ́ yọ gbọ́dọ̀ wà níta ilé, kí ojú tó ń mọ ooru sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń jó. Bí ohun kan bá ń jó nínú Aga yín, ẹ fi aago tó ń kìlọ̀ carbon monoxide sínú yàrá kan náà, mítà kan sí mẹ́ta sí i. Gáàsì olóró yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, òtútù ló sì máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn ti gbogbo ihò afẹ́fẹ́ pa.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Ti kẹrosíìnì ló gba ìtọ́jú jù. Irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú Aga àtijọ́ jọ sítóòfù olówùú tí a mọ̀ nílé. Epo ń ṣàn wọlé fúnra rẹ̀, òwú ń jẹ́ kó gbiná, nígbà tí ibẹ̀ bá sì ti gbóná, epo á di oru, oru náà á máa jó láàárín àwọn agolo irin onihò. Kò nílò iná mànàmáná rárá. Bí wọ́n bá mú iná lọ nítorí ìjì, ẹ ó ṣì se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n epo tó ń di oru máa ń fi èédú dúdú sílẹ̀, pàápàá ní ẹnu ibi tó ti ń wọlé. Ẹnu yẹn á máa dín, iná á máa rẹlẹ̀, Aga á máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, títí yóò fi kú ní ọjọ́ tí ẹ pe àlejò. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ òwú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ti gáàsì kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Bí iná kẹrosíìnì bá kú, ẹ má ṣe tún un tàn nígbà tó ṣì gbóná. Epo tuntun tó bá kan irin gbígbóná á di oru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oru náà á sì gbiná lójijì sí ojú ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kódà bí ìyẹn bá gba òru kan.

Nínú ti gáàsì, ohun tó sábà máa ń fa ìdákú ni òpá kékeré tó ń mọ̀ bóyá iná ṣì ń jó, tí wọ́n ń pè ní thermocouple. Bó bá ti gbó, á máa ti gáàsì pa láìnídìí. Kì í wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì pẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọ inú ihò èéfín láti òkè náà lè pa iná. Ẹ kíyè sí i bóyá ọjọ́ tí ìjì ń jà ló máa ń kú.

Àléébù kan wà tí àwọn tó ra Aga àlòkù kì í tètè mọ̀. Vermiculite inú rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àyè á sì ṣí sílẹ̀ lókè. Ooru á gba ibẹ̀ jáde. Ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan gbóná ju èkejì lọ, bíìlì sì ń gòkè láìsí ohun tó yí padà. Ẹnjiníà lè kún un padà láàárín wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí Aga náà bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ìdérí tàbí okùn ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá.

Tánganran ara rẹ̀ kò fẹ́ ohun kíkan. Wàrà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátì, gbogbo ohun tó bá ta sí i lára nígbà tó gbóná gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpá rẹ̀ kò ní lọ mọ́. Aṣọ tútù tí ẹ bá gbé lé tánganran gbígbóná lójijì lè mú un sán.

Oúnjẹ wa lórí rẹ̀

Ìwé tó ń bá Aga wá máa ń sọ ti adìẹ yíyan àti kéèkì. Fún ẹni tó ń se oúnjẹ Yorùbá, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò. Ojú iná náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ooru rẹ̀ kì í sì fò gba afẹ́fẹ́ bí ọwọ́ iná gáàsì. Ibi tí irin bá ti kan irin nìkan ló ń gbóná. Ìkòkò alùmíníọ́mù tí ìdí rẹ̀ roboto, tàbí tó ti tẹ̀ nítorí ọdún púpọ̀ lórí gáàsì, yóò jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìhó. Ìkòkò onídìí títẹ́, tó nípọn, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ike, tó sì lè wọ inú ààrò, ni kí ẹ ní. Ìdérí tó tẹ́jú dára jù, torí ẹ lè gbé ìkòkò lé ìkòkò nínú ààrò ìsàlẹ̀.

Òfin tó ga jù ni pé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oúnjẹ ni kí ó jiná nínú ààrò. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ojú iná, ooru tí irin ti fi wákàtí púpọ̀ kó jọ ń sá lọ. Ọbẹ̀ ata ni òfin yìí ń nira fún jù, nítorí àwa máa ń fẹ́ kí omi ata gbẹ lórí iná fún bíi wákàtí kan. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ la tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, kí ẹ tò wọ́n sórí páànù fífẹ̀, kí ẹ ti wọ́n sínú ààrò òkè fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Omi wọn á ti lọ, adùn wọn á sì ti jinlẹ̀. Nínú Aga tó ní ihò èéfín, èéfín ata kì í ta jáde sí ilé, torí ibẹ̀ ni ààrò ń mí sí. Ìyẹn náà ló fà á tí ẹ kò fi ní gbóòórùn oúnjẹ tó ń jó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aago fóònù máa rán yín létí.

Ibi tí Aga ti ń fi ara rẹ̀ hàn ni ẹran líle. Ṣàkì, bọ̀kọ́tọ̀, ẹran ewúrẹ́ àgbà: ẹ jẹ́ kó hó gidi lójú iná òsì fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e sínú ààrò ìsàlẹ̀ lálẹ́. Á ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, omi rẹ̀ kò sì ní gbẹ. Ẹ má fo ìhó àkọ́kọ́ yẹn. Ààrò ìsàlẹ̀ lè di ooru ìkòkò mú, ṣùgbọ́n kò lágbára láti mú ìkòkò tútù hó, ẹran á sì wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kòkòrò àìsàn fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín: kí omi abẹ́ rẹ̀ ti hó fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó wọ ààrò. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń tà ní Britain, tó rí bíi kíndìnrín, gbọ́dọ̀ hó gidi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí oró wà nínú rẹ̀ tí ooru ìrọra kò lè pa.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fẹ́ràn ilẹ̀ ààrò òkè. Bí ó bá ti hó, ẹ fi bébà fadákà dé e kí ẹ tó fi ìdérí lé e, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ ààrò náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ìdí ìkòkò á gbẹ díẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Àmàlà ṣe é rò lójú iná òsì, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí aṣọ tútù lórí tábìlì nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi agbára fi ọmọrogùn yí i, kí ẹ tó dá a padà kó lè jiná.

Àkàrà àti dòdò tó pọ̀ ni a kò gbà yín nímọ̀ràn láti dín lórí rẹ̀. Ìdérí á wà ní ṣíṣí fún wákàtí kan, ooru á máa rẹlẹ̀, àkàrà kẹta kò ní rí bí ti àkọ́kọ́, epo á sì ta sí tánganran gbígbóná. Ẹ lo sítóòfù kejì. Bákan náà, irin tó ti ná ooru rẹ̀ kì í rí i padà kíákíá. Bí ẹ bá fẹ́ se oúnjẹ àádọ́ta èèyàn fún ìkómọjáde, á ti tutù kí ẹ tó dé orí ọbẹ̀ kejì, òru kan gbáko ló sì máa nílò kó tó bọ̀ sípò. Agbada ńlá àti gáàsì ìta ṣì ní ipò tiwọn.

Bó bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá Aga nínú ilé tó rà wà ní ipò tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ ra tuntun, torí tuntun sábà máa ń ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn lọ. Ẹ má tètè ní kí wọ́n wá hú u. Ẹ béèrè ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ta ilé, kí ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tú u wò, kí ẹ sì lò ó fún ìgbà òtútù kan pẹ̀lú ìwé tí ẹ ń kọ iye epo tàbí yúnìtì sí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé Aga ló jẹ́ lóòótọ́. Rayburn, sítóòfù irin mìíràn, jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Rayburn ló ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ sí rédíétọ̀ gbogbo ilé. Ẹni tó bá hú u láìmọ̀ ti hú bọ́ílà ilé rẹ̀.

Bí bíìlì rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n lè yọ ẹnu iná kẹrosíìnì tàbí gáàsì kúrò kí wọ́n fi wáyà ìgbóná mànàmáná sínú irin náà, kí ojú iná àti ààrò kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì tirẹ̀. Àwọn tuntun náà ti gba ọ̀nà yẹn. Ní 2011 ni Aga gbé irú kan jáde tó ń jẹ́ Total Control, tí ojú iná rẹ̀ ń gbóná láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ sì lè pa nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Ìyẹn ló sàn jù fún ẹni tí kì í sí nílé láti àárọ̀ di alẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ti ń pa á lójoojúmọ́, ooru tó ń gbé inú ilé nígbà gbogbo, ohun tí ẹ torí rẹ̀ fẹ́ ẹ, ti lọ. Ní ibẹ̀, ó yẹ kí ẹ bi ara yín bóyá sítóòfù induction tó ní ààrò méjì kò ní ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìdá kékeré nínú owó yẹn. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni, kò sí ẹ̀bi nínú kí ẹ rà á torí ẹwà rẹ̀, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹwà lẹ ń sanwó fún.

Fún ẹni tó ń gbé fúláàtì tàbí ilé háyà, kò yẹ ní dídábàá rárá. Àwọn tó sì ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe é. Ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ìṣirò bá gbè yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ilẹ̀ àti ihò èéfín ṣe nígbà ooru, kí wọ́n to Aga ní oṣù Kẹsàn-án kí òtútù tó dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tàn án, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì ṣí ìdérí méjèèjì sílẹ̀, torí epo tí wọ́n fi pa irin lára ní ilé iṣẹ́ á jó, èéfín rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ inú ìdérí bí ẹ bá pa á dé. Òórùn díẹ̀ á wà, omi lè ṣẹ́ sí tánganran lára bí vermiculite ṣe ń gbẹ. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má gbé ìkòkò lé e títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí ohun tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn bá ti dé ojú àmì rẹ̀.